Ọwọ́ Mi Ni Mo Fi Kọ Àlàáfíà Fún Ọmọ Tí Kò Lè Mí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, mi ò sì lè gbé e mì mọ́. Ìwé pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ibùsùn mi tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ irọ́ kún. Kì í ṣe nítorí owó, kì í sì í ṣe nítorí ọkùnrin. Ọmọ mi kan ṣoṣo, Móji, ni mo purọ́ mọ́. Nígbà tí kò lè mí, èmi ìyá rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń mí dáadáa. Ṣé ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí?

Gàrí ni mò ń yan ní abúlé wa ní Lágelú. Láti kékeré ni ikọ́ fée ti ń bá Móji fínra, èyí tó le jù nínú rẹ̀ sì ni tirẹ̀. Oògùn tí àwọn ọmọ mìíràn ń fín sẹ́nu tí ara wọn fi ń balẹ̀, lára tirẹ̀, bí ẹni da omi sórí àpáta ni. Ọdún tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àwọn dókítà kan wá láti Ìbàdàn. Wọ́n ní àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn ní ìlú mìíràn àti lókè òkun ti pa owó àti ọgbọ́n pọ̀, pé àwọn fẹ́ mọ ìdí tí ikọ́ fée fi ń le koko mọ́ àwọn kan. Wọ́n ní iṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ ni, àwọn ò ní wá lẹ́ẹ̀kan kí àwọn sá lọ. Àwọn kan lábúlé ní ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Èmi ní kí wọ́n gba tèmi, bí wọ́n bá ṣáà ti lè rí ojútùú ti Móji!

Wọ́n fún gbogbo àwa ìyá tí ọmọ wa ní ikọ́ fée ní ike kékeré kan tí ọmọ á máa fọn atẹ́gùn sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí èémí bá dára, àmì inú rẹ̀ á sún sókè; bí kò bá dára, ìsàlẹ̀ ló máa dúró sí. Iye tó bá dúró sí ni kí n kọ sínú ìwé. Iṣẹ́ wo ló tún rọrùn jùyẹn lọ? Àmọ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni mí, ẹ̀yin náà sì mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ibà bá dá wa dùbúlẹ̀, ara ń le la máa ń wí. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí àmì náà kò sún, mo di bírò mú. Kí n fi ọwọ́ ara mi kọ àìsàn sábẹ́ orúkọ ọmọ mi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mo kọ iye tó ga, mo sì ṣe àmín sí i. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ burúkú ló di ọjọ́ rere nínú ìwé mi. Bí Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ìwé bá béèrè pé, "Ara Móji ńkọ́?" màá ní, "A dúpẹ́, mà."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì wọlé, ojú rẹ̀ kò dùn. Ó ní àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ náà fẹ́ dá a dúró lápá ọ̀dọ̀ wa. "Màmá Móji, wọ́n ní ìwé yín fi hàn pé ikọ́ ibí yìí kò le. Wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ náà lọ síbi tó ti le." Níbi tó ti ń sọ ọ́, Móji wà lórí àpótí lẹ́yìn wa, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ń fi gbogbo ara wá èémí. Nọ́ọ̀sì wo ọmọ, ó wo ìwé, ó wá wò mí. Mo ní kí ilẹ̀ lanu, kò lanu.

Móji ló dìde. Kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn fa nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Èédú ni ọmọ yìí fi ń kọ iye tòótọ́ sára ògiri, tòun ti ọjọ́ rẹ̀! Mo ti máa ń rí i níbẹ̀, mo sì rò pé iṣẹ́ ilé ìwé ló ń ṣe. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà díẹ̀, ó ní, "Mo fẹ́ mọ ọjọ́ tí mo lè sáré ni, mà." Ó wá yíjú sí mi. "Màmi, ṣé mò ń dójú tì yín ni ẹ ṣe ń kọ iye mìíràn?" Háà! Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé nọ́ọ̀sì á bú mi ni, ṣùgbọ́n orí ló mì. "Àwa náà jẹ̀bi, Màmá. Ta ló ń bi Yorùbá pé ara ńkọ́, tó ń retí kó ní kò le?" Nígbà tí wọ́n pe gbogbo ìyá jọ lọ́sẹ̀ kejì, èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Kí n tó jókòó, ọwọ́ àwọn mìíràn ti ń lọ sókè. Kì í ṣe èmi nìkan!

Gbogbo ìwé wa ni wọ́n yọ kúrò nínú iṣẹ́ náà, wọ́n sì dá tèmi padà fún mi. Ọdún kan gbáko ṣòfò. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kọ òtítọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń náwó, àwọn yẹn sì gbà kí a tún bẹ̀rẹ̀, kí iṣẹ́ náà sì pẹ́ ju bí wọ́n ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ lọ. Ògiri Móji tún fi nǹkan mìíràn hàn wá: àwọn ọjọ́ tí mò ń yan gàrí ni èémí rẹ̀ ń burú jù. Èéfín mi ni! Mo ti gbé ààrò lọ sí ìsàlẹ̀ oko, jìnnà sílé. Ikọ́ náà kò tíì lọ, ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, Móji sáré láti odò dé ilé láìdúró.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbàdúrà, èmi náà ò tíì dẹ́kun. Ẹnu ni kí ẹ fi gbà á, ẹ má fi bírò gbà á. Àìsàn tí a bá sọ pé kò sí, ta ni yóò wá a wò? Lánàá, nọ́ọ̀sì tún bi mí pé, "Ara Móji ńkọ́?" Ẹnu mi ti fẹ́ dúpẹ́, mo rí i tí ọmọ náà ń wò mí. Mo ní, "Kò dáa tó lónìí, mà." Móji rẹ́rìn-ín, ó sì na bírò sí mi.