Ọ̀pá Tó Gbé Kàpó Bámidélé

Ẹ jókòó yí ibùsùn mi ká, kí ẹ sì pa ẹnu yín mọ́. Irọ́ mi ti sáré tó. Òtítọ́ ti lé e bá, n kò sì fẹ́ kó bá mi wọ sàréè. Ṣẹ̀ríìfù, ìwọ akọ̀wé ẹgbẹ́, má ṣojú àánú sí mi. Èmi Àbídéènì, alága gbogbo ẹ̀yin mẹkáníìkì àdúgbò yìí, èmi ni mo gé ìka Bámidélé. Kì í ṣe Yọ̀mí.

Ẹ rántí ìgbà tí Yọ̀mí, mẹkáníìkì bíi tiwa, kó iṣẹ́ tuntun dé. Á yọ ọ̀pá irin tí a fi ń ti kàpó, ìdérí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, sókè, á fi ọ̀pá gáàsì méjì rọ́pò rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí o bá ti fọwọ́ kan kàpó báyìí, á dìde fúnra rẹ̀. Àwọn onítakisí ń pàtẹ́wọ́ bí òmùgọ̀. Gáréèjì mi dá páropáro. Bámidélé tó ń ná ọ̀nà Sèmè, oníbàárà mi láti ọjọ́ pípẹ́, òun náà lọ ṣe é, ó tún wá ń rẹ́rìn-ín pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin ò mọ eléyìí ṣe ni?" Inú bí mi gan-an.

Nígbà tó gbé ọkọ̀ náà wá kí n pààrọ̀ ọ́ìlì, mo ní kó lọ jẹun. Mo tú ọ̀pá Yọ̀mí, mo fi ògbólógbòó méjì tí gáàsì wọn ti ń tán lọ síbẹ̀, mo fi ọ́ìlì nù wọ́n kí wọ́n máa dán. Ọ̀sán gangan ni, ooru ràn wọ́n lọ́wọ́, kàpó dúró. Mo sì mọ̀! Mo mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá mú, agbára gáàsì á relẹ̀. Mo ní kàpó á kàn gbá Bámidélé lórí, òun á bú Yọ̀mí, á padà sọ́dọ̀ mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ jàre. Ta ni ò jowú Yọ̀mí nínú yín?

Òwúrọ̀ ọyẹ́ kan ni, ní Sèmè. Bámidélé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, kàpó já lù ú lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú bẹ́líìtì. Ìka mẹ́ta lọ.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nígbà tí a pe Yọ̀mí síwájú ẹgbẹ́, èmi ni mo gbé sípánà kalẹ̀ pé kó fẹnu kan irin, kó búra. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ò gbà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé a kì í búra. Ẹ jẹ́ kí n wo ọ̀pá yẹn." Bó bá wò ó, á rí i pé kì í ṣe tòun. Mo ní, "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í sá fún irin." Ni gbogbo yín bá hó lé e lórí. Èmi ọmọ mùsùlùmí gbé sípánà náà, mo fi ahọ́n kàn án, mo búra pé n kò mọ nǹkan kan. Ọjọ́ yẹn gan-an lẹ fi mí jẹ alága.

Kò sẹ́ni tó gbéṣẹ́ fún Yọ̀mí mọ́, ó dẹni tó ń ta epo bẹntiróòlù inú ìgò létí títì Kàlàfí. Tinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ pàdé mi ní ọjà Ganhi, kò kí mi, ó kàn ní, "Irin gbọ́ o." N kò sùn dáadáa mọ́ láti ìgbà náà.

Ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bẹ̀, ọwọ́ yín náà ò mọ́. Bámidélé àti Yọ̀mí ni kí ẹ pè wá kí ẹ̀mí mi tó bọ́. Bí ẹ bá sì rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀, ẹ jáde, ẹ ṣí kàpó ọkọ̀ mi. Ẹ ó rí ọ̀pá méjèèjì tí mo tú lára ọkọ̀ Bámidélé, Yọ̀mí fi fáìlì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí wọn lára. Láti ọjọ́ yẹn, nínú òjò, nínú ọyẹ́, wọn ò já rí.