Kì Í Ṣe Ògún Ló Dá Lọ́rì Wa Dúró

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun. Mo rò pé n óò gbé e kú ni, ṣùgbọ́n ohun tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bá wá sílé mi lánàá kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi.

Èmi ni mò ń wa lọ́rì ẹ̀gbọ́n mi. A máa ń kó ẹ̀kùrọ́ láti Awo wá sí ibùdó rélùwéè ní Ẹdẹ níbí. Mọ́tò kò wọ́pọ̀, ojú ọba ni wọ́n fi ń wo ẹni tó bá ń wà á, ìyẹn sì ń pa mí bí ọtí.

Ọdọọdún ni a ń pa ajá fún Ògún nídìí lọ́rì náà, tí gbogbo ilé a sì tọ́ ẹran rẹ̀ wò. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèrìbọmi lọ́dọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, òun kò lè jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi dandan mú un.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ra púlọ́ọ̀gì tuntun láti Ìbàdàn, irin kékeré tó ń ṣáná sínú ẹ́ńjìnnì, kí lọ́rì lè lágbára lórí òkè. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kìlọ̀ pé ẹnu irin méjì tó wà lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ara wọn, pé kí n máa fi èékánná díwọ̀n àlàfo àárín wọn. Èmi tí mo gbọ́n ju ọ̀gá mi lọ, mo rò pé bí wọ́n bá ṣe súnmọ́ra tó ni iná yóò ṣe le tó. Mo fi òòlù lù wọ́n títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko ara wọn lẹ́nu.

Lọ́rì wúkọ́ títí, ó sì kú tẹrùtẹrù lọ́nà ìlú Ara. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Àjàní, ṣé kì í ṣe púlọ́ọ̀gì yẹn?"

Mo ní, "Rárá o. Mo ṣe é bó ṣe yẹ. Àfi bí inú Ògún kò bá dùn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu mi ló sọ ọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo ilé kọjú sí Àbẹ̀kẹ́ tí kò jẹ ẹran Ògún. Wọ́n ní kó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Awo, wọ́n sì gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bó ti lọ tán, mo yọ́ lọ tú púlọ́ọ̀gì náà, mo là wọ́n, mo fi èékánná díwọ̀n àlàfo wọn. Lọ́rì ké ramúramù. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ ò rí i? Ògún ti gbà." Mo bá wọn dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Ojú tì mí gan-an.

Lánàá ni Àbẹ̀kẹ́ wá. Ó ti rù. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ̀yin ni wọ́n máa ń gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. N óò fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bí ọdún Ògún bá dé, n óò jẹ ẹran ajá náà lójú gbogbo èèyàn, kí n ṣáà lè rí àwọn ọmọ mi."

Mo ní n óò gbìyànjú. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Ọdún Ògún ti dé tán. Bí mo bá jẹ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi lè gba lọ́rì lọ́wọ́ mi, kí wọ́n má sì fojú rere wò mí mọ́ láyé. Bí mo bá dákẹ́, Àbẹ̀kẹ́ yóò tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà? Nílé wa, ẹni tó ń wa lọ́rì ló máa ń pín ẹran Ògún, èmi ni n óò sì fi ẹran náà lé Àbẹ̀kẹ́ lọ́wọ́.