Sísán Tí Mo Fi Irin Tuntun Bò

Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí gbogbo yín sì jókòó. Àbúrò mi obìnrin, jókòó sí ibi tí mo ti lè rí ọ. Ìwọ ọkọ rẹ̀, Wòótún, má dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, ẹ sún mọ́ ibùsùn. Dókítà ti bá mi sọ ohun tí ó ní í sọ, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ ilẹ̀ lọ. Wòótún kọ́ ni ó ba ọ̀pá irin tí ń mú ọkọ̀ ojú omi yẹn rìn jẹ́. Èmi ni.

Ẹ mọ iṣẹ́ wa. Irin tí lílò bá ti jẹ lójú, a kì í jù ú nù. A ó fi ẹ̀rọ lọ ojú rẹ̀ títí yóò fi mọ́, a ó tan iná lésà sí i, a ó sì máa fẹ́ lẹ́búlẹ́bú irin sínú iná náà. Yóò yọ́, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, títí ọ̀pá náà yóò fi padà sí bí ó ti nípọn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan wà: ẹni tí ó lọ irin kì í dá yẹ̀ ẹ́ wò. A ó fi aró pupa pa á, a ó nù ún, a ó wọ́n ẹfun lé e. Bí ó bá sán níbì kan, aró yóò yọ lára ẹfun bí ẹ̀jẹ̀. Ẹlòmíràn ni a gbọ́dọ̀ pè wá wò ó.

Wòótún ni ó yẹ kí n pè. N kò pè é. Láti ìgbà tí ó ti fẹ́ àbúrò mi ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, mo ní èmi ni ó ń fi rín. Bí ó bá dákẹ́, mo ní ètekéte ni ó ń pa. Gbogbo yín ni ẹ ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó tún," títí ó fi di orúkọ rẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń gbọ́ ọ bí ìhàlẹ̀. Mo ní àga ọ̀gá tí mo jókòó lé ni ojú rẹ̀ wà.

Mo sì ti fọwọ́ sọ̀yà fún ọlọ́kọ̀ pé ojú ọ̀pá náà nìkan ni lílò jẹ, pé inú rẹ̀ le koko. Nígbà tí mo wọ́n ẹfun, ìlà pupa kan yọ, tín-ín-rín bí irun. Bí n bá lọ̀ ọ́ títí ìlà náà yóò fi tán, gbogbo ilé iṣẹ́ ni yóò mọ̀ pé ọ̀gá ṣìṣe. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Wòótún, mo yára nù ún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti fi aró wò ó?" Mo ní mo ti wò ó. "Ta ni ó bá yín wò ó?" Mo ní, "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ṣé mo ti fọ́jú ni?" Ó rẹ́rìn-ín: "Rárá o! Ojú yín ń rí abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n wò ó tún." Mo jágbe mọ́ ọn pé kí ó lọ da lẹ́búlẹ́bú sínú ẹ̀rọ. Ìlara dé, ó gba ọgbọ́n orí mi lọ! Mo tan lésà. Irin tuntun bo sísán náà mọ́lẹ̀, ó ń dán gbinrin, bí aṣọ àlà lórí egbò tí ó ń kẹ̀.

Ọ̀pá náà dá lójú omi. Omi ń gbé ọkọ̀ lọ, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá òpó afárá, ẹsẹ̀ awakọ̀ há sí i, wọ́n sì gé e. Ẹ dúró, a kò tíì dé ibi tí ó burú jù. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ wá wádìí jàǹbá náà, mo gbá ilẹ̀ ilé iṣẹ́, mo kó eruku àti ìpàǹtí irin, mo sì dà á sínú ìgò lẹ́búlẹ́bú tí ó wà níkàáwọ́ Wòótún. Ọwọ́ yìí ni. Bí wọ́n ti ṣí ìgò náà, wọ́n ní ìdọ̀tí inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí irin tuntun le, wọn kò sì wá nǹkan mìíràn mọ́. "Ta ni ó ni èyí?" Gbogbo ojú yí sí i, òun sì ń wo èmi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ mí." Mo dáhùn pé, "Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni a ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àna." Ẹnu yìí náà ni.

Wọ́n lé e. Ẹni tí ó mọ lésà lò di ẹni tí ń pọ́n ọ̀bẹ àti àlùmọ́gàjí létí títì. Àbúrò mi tọ̀ mí wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ mi tí ń gbọn bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó wọ̀ ọ́, ṣé òun ni yóò da ìdọ̀tí sínú iṣẹ́?" Mo ní ìfẹ́ ni ó fọ́ ọ lójú.

Aṣebúburú, ó kú ara fífu. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá mi dùbúlẹ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì ti ń tọ́jú mi. Àbúrò mi, bí o bá gbé ọbẹ̀ wá, tí mo ní kí o kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kì í ṣe pé mo ń bẹ̀rù pé ó gbóná. Májèlé ni mo ń fura sí. Wòótún, bí o bá ń fá irùngbọ̀n mi, ojú mi kì í kúrò lára abẹ ọwọ́ rẹ. Abẹ tí ìwọ fúnra rẹ pọ́n ni. Mo ní òní ni ìwọ yóò gbẹ̀san. Ìwọ a sì máa fá a lọ jẹ́jẹ́, o ń ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má mira."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ẹ bá ń fura sí jù, òun gan-an ni kí ẹ pè wá yẹ iṣẹ́ yín wò.

N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ dárí jì mí kíákíá. Ẹ pe àwọn olùyẹ̀wò wá nígbà tí ohùn mi ṣì ń jáde. Ìdajì ọ̀pá náà wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́: ibi tí ó ti sán tipẹ́ dúdú, ibi tí ó dá lójú omi ń dán. Kí wọ́n wò ó, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ ọkùnrin yìí lé e lọ́wọ́ padà. Lẹ́yìn náà, ẹ bínú tó bí ẹ ti fẹ́. Ẹ má tíì rẹ̀ mí lẹ́kún, ẹ jọ̀wọ́. Ta ni ó ní fóònù lọ́wọ́?