Mo Ní Etí Mùfú Ló Tàn Án Jẹ

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, mi ò sì sọ ọ́ fún pásítọ̀ mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, ọkùnrin kan fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Èmi yìí kan náà ló sì wá bẹ̀ pé kí n bá òun lọ.

Orúkọ tí mo máa lò níbí kì í ṣe orúkọ wọn gan-an. Mi ò sì ní dárúkọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Àpápá ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń kọ ẹrù tó bá wọlé àti èyí tó bá jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Sítọ̀. Alhaja kan ló ni ibẹ̀. A ní ẹ̀rọ kan tó ń gbé ẹrù sókè, èyí tí à ń pè ní fọ́kílíìfù. Mùfú ló ń wà á. Làsísì ló ń to ẹrù. Àwa mẹ́ta la sábà máa ń wà nínú ilé ìkẹ́rùsí náà.

Lọ́jọ́ kan, Alhaja pè mí, ó fún mi lówó. Ó ní kí n fi tún fọ́kílíìfù ṣe, torí bíréèkì rẹ̀ kò mú dáadáa mọ́. Ó ní kí n sì rán Mùfú àti Làsísì lọ síbi ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù láìsí ewu. Àwọn oníbàárà wa kan ti ń bèèrè ìwé-ẹ̀rí. Alhaja ní owó náà gbọ́dọ̀ ká méjèèjì, òun ò fẹ́ gbọ́ "ó kù díẹ̀". Ẹni tó wà nípò mi tẹ́lẹ̀, "ó kù díẹ̀" yìí náà ló lé e lọ.

Lórí ìwé, owó náà tó. Mo wá pe obìnrin tó ń gba orúkọ àwọn tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́.

Ó ní, "Màmá, iye tẹ́ ẹ rí yẹn, owó ẹ̀kọ́ nìkan ni o."

"Kí ló tún kù?"

"Owó ìwé-ẹ̀rí wà lọ́tọ̀. Bàtà onírin àti akoto wà lọ́tọ̀. Oúnjẹ ọ̀sán náà, ọ̀tọ̀ ni."

Mo ní, "Afẹ́fẹ́ tí wọ́n máa mí níbẹ̀ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Kò tíì ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Kò sì ka ọjọ́ mẹ́ta tí fọ́kílíìfù máa fi dúró lásán, tí àwọn oníbàárà á máa wò wá lójú.

Àtúnṣe náà kò yàtọ̀. Mẹkáníìkì tó wá láti Olódì-Àpápá yí ẹ̀rọ náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí. Ó ní, "Ìyá Sítọ̀, ẹ̀rọ yìí dà bíi bàbá arúgbó tó ní ikọ́ ló gbé òun wá sí ọsibítù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ná. Ẹ máa gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ máa gbọ́ ìtọ̀ ṣúgà."

Bó ṣe wí náà ló rí. Bíréèkì la ní kó tún ṣe. Nígbà tó tú u, ó ní rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ, ọ́ìlì ti ń jò. Ṣéènì tó ń fa ẹrù sókè náà ti ń jẹ, ó lè já lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ ti wà ní títú nílẹ̀ báyìí. Kò ṣeé dì padà bẹ́ẹ̀.

Mo jókòó rò ó. Bí wọ́n bá kẹ́kọ̀ọ́ dé tí bíréèkì kò mú, kí ni ẹ̀kọ́ fẹ́ ṣe? Mùfú ti ń wa ẹ̀rọ yẹn bọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo ní èèyàn ṣeé kìlọ̀ fún, irin kò ṣeé kìlọ̀ fún. Mo kó owó ẹ̀kọ́ mọ́ owó àtúnṣe. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò jẹ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Títí di òní, mi ò rò pé ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé mi ò lọ sọ fún Alhaja. Bóyá ì bá lé mi, bóyá kò ní lé mi. Mi ò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀.

Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń tẹ ìwé ní Ìjọrá. Ó bá mi ṣe ìwé-ẹ̀rí méjì, tòun ti èdìdì pupa. Mo fún Mùfú àti Làsísì, mo sì bẹ̀ wọ́n pé bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n, wọ́n lọ o.

Mùfú gbé tirẹ̀ sókè. "Ha, Mọ́mì! A ti gboyè láìdé yunifásítì!"

Làsísì ní, "Injiníà Mùfú, ẹ má bínú sir, ẹ bá mẹ̀kúnnù ra búrẹ́dì."

A rẹ́rìn-ín, mo gba ìwé náà padà, mo gbé e fún Alhaja. Ó yìn mí.

Obìnrin ẹ̀kọ́ yẹn ti fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, láti fi hàn mí ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn. Àwòrán ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n nà báyìí, kí ẹ̀rọ dúró. Ìka tí wọ́n nà sísàlẹ̀, kó sọ ẹrù kalẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọwọ́ ni kí ẹ máa lò, kì í ṣe ẹnu, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró nítòsí ẹrù tó wà lókè. Mo ní irú wàhálà wo nìyí? Ṣebí Yorùbá la jọ ń sọ, kí la tún fẹ́ máa juwọ́ sí ara wa fún?

Yorùbá tí a jọ ń sọ yìí náà ló pa wá lára.

Níbi iṣẹ́ wa, ariwo la fi ń ṣe é. Gbé e! Rọra! Wá sẹ́yìn! Bí ẹrù bá dé ibi tó yẹ kó dé, a máa ń pariwo pé, "Fi sílẹ̀!" Mùfú á sọ ọ́ kalẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹrù tí kì í ṣe tiwa ló fẹ́ gbé, "Fi sílẹ̀!" náà la máa ń sọ, pé kó má fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, a fi ń sọ nǹkan méjì. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i rí, torí pé kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Ní bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn àtúnṣe náà, ẹrù táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé dé, páálí lórí páálí lórí pákó. Ọ̀sán ni. Èmi àti Làsísì dúró níbi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí, mò ń yẹ nọ́ńbà ara páálí wò. Mùfú gbé ẹrù náà bọ̀ lókè. Mo gbójú sókè, mo rí i pé páálí ẹ̀gbẹ́ kan ti ya, ó ti ń yọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kó jáwọ́ nínú rẹ̀, kó jẹ́ kó wà lókè níbẹ̀ títí a ó fi kúrò. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Fi sílẹ̀! Mùfú, fi sílẹ̀!"

Ó fi sílẹ̀.

Làsísì fi ọwọ́ méjèèjì tì mí. Mo ṣubú lé orí àwọn àpò kan. Nígbà tí mo dìde, ẹrù náà ti wà lórí ẹsẹ̀ Làsísì. Ẹ̀rọ náà kò ṣẹ̀ rárá o. Bíréèkì mú, ṣéènì kò já.

Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaja àti àbúrò rẹ̀ kan tó jẹ́ lọ́yà pe èmi àti Mùfú jókòó. Wọ́n bi mí pé kí ni mo sọ. Mo ti rí ìwé-ẹ̀rí yẹn lórí tábìlì níwájú wọn. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi, wọ́n á bi mí ìdí tí a fi ń pariwo dípò ká máa juwọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Gbogbo rẹ̀ á tú síta.

Mo ní, "Mo ní kó dúró."

Lọ́yà yíjú sí Mùfú. "Ìwọ tó kẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní kí o dúró, o sọ ẹrù lé èèyàn lórí?"

Mùfú wò mí. Ó mọ̀ pé òun ò kẹ́kọ̀ọ́ kankan. Kò sọ ọ́. Ó kàn ń wí pé, "Fi sílẹ̀ ni mo gbọ́ sà. Mo fi Ọlọ́run búra, fi sílẹ̀ ni mo gbọ́." Wọ́n lé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ó wá bá mi nílé ní bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Kò jókòó. Ó ní, "Mọ́mì, ti ìwé yẹn, mo ti bò yín láṣìírí. Ìyẹn ti kọjá. Ẹ kàn bá mi sọ òótọ́ kan. Kí lẹ sọ lọ́jọ́ yẹn? Ó ń dún ní etí mi tí mo bá ti fẹ́ sùn."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ló burú jù. Kò sí lọ́yà níbẹ̀, kò sí Alhaja. Èmi àti òun nìkan ni. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Mùfú, etí ẹ ló tàn ẹ́ jẹ. Lọ yẹ etí ẹ wò."

Ó lọ lóòótọ́. Wọ́n ní etí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Kò gbà wọ́n gbọ́, èmi ló gbà gbọ́. Ó ní inú yàrá tó dákẹ́ ni wọ́n ti yẹ òun wò, pé nínú ariwo ni tòun ti máa ń ṣe é. Ẹnìkan fi iṣẹ́ fọ́kílíìfù lọ̀ ọ́ ní Àpápá níbí, òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Ó ní òun ò fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹja ló ń bá wọn rù kúrò nínú ọkọ̀ ní Marine Beach báyìí. Bí èèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, á kọ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á ní kí onítọ̀hún tún un sọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí.

Làsísì ní òun ò rántí nǹkan kan láti ìgbà tí ẹrù ti gbéra títí òun fi jí ní ọsibítù. Ohun tí mo sọ fún un ló mọ̀. Iwájú ilé rẹ̀ ló jókòó sí, ó ń bá àwọn èèyàn gba iná sí fóònù. Mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè mí ní Ìyá Àgbà. Bó bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, á ní, "Ẹrù mi dé o, èyí tí mo tì tí ò fọ́!" Gbogbo àdúgbò á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá dárúkọ Mùfú, á tutọ́ sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mùfú tún wá. Ó ti gbé àgbà méjì láti mọ́ṣáláṣí wọn dìde lọ bẹ Làsísì. Làsísì ní òun máa gbà, ṣùgbọ́n Mùfú gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọ òun pé wọ́n ní kí òun dúró, òun ò dúró.

Mo bi í pé ṣé ó máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Màá sọ ọ́, Mọ́mì. Ẹ̀yin ò ní purọ́ mọ́ mi. Ẹ kàn bá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kí ẹ máa tún un sọ fún mi, kí n má baà ṣi Làsísì gbọ́ tó bá ń dárí jì mí."

Mo ní màá bá a lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí mo bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mi á lọ. Wọ́n lè tìtorí ìwé-ẹ̀rí yẹn gbé mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Làsísì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ra ẹ̀mí mi, mo sì fi irọ́ san án. Mi ò mọ bó ṣe máa wò mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, Mùfú á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irọ́ mi di òótọ́, kò sì ní sí ọ̀nà mọ́ láti gbà á padà lẹ́nu rẹ̀.

Mo ti pinnu pé mi ò ní jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀. Ìyẹn ti yé mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ohun tí kò yé mi ni ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ́wọ́ irú nǹkan báyìí rí, ẹ̀yin tí wọ́n ti jẹ́wọ́ fún rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ilé ta ni kí n kọ́kọ́ wọ̀: ti ẹni tí mo gbà lẹ́sẹ̀ ni, àbí ti ẹni tí mo gbà létí?