Jẹ́sì Tí A Gbé Síwájú Pẹpẹ

Ẹ bá mi pariwo Halelúyà, kí ó dún dé àdúgbò Barnfield lọ́hùn-ún! Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo jókòó sínú ilé mi ní South Thamesmead nílùú ọba níbí, mo sín lẹ́ẹ̀kan, géńdé mọ́kànlá ṣubú yakata lórí pápá ní Amẹ́ríkà. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ò bínú sí ẹ̀rín.

Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́.

Ẹ mọ Dámilọ́lá, ọmọ Fúnkẹ́ ọmọ mi, èyí tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú láyé ọjọ́un, nígbà tí òyìnbó ò jẹ́ kí wọ́n bá àwọn jókòó ní kíláàsì. Ọ̀kan nínú wọn ló gba Dámilọ́lá wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí a mọ̀ o. Èyí rí gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, àwọn yòókù á sì wó lu ẹni tó gbé e bí ògiri. Olúwa ṣeun tí wọ́n gbà á. Owó tí Fúnkẹ́ ń gbà nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ò lè rán an lọ síbẹ̀, bó tiẹ̀ wẹ gbogbo arúgbó tó wà ní Woolwich.

Sáà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pàdánù. Wọ́n tún pàdánù. Ó di bárakú. Dámilọ́lá ní ohun tó ń dun òun jù ni àwọn onífèrè ilé ìwé náà: bí ẹgbẹ́ kejì bá ti lu àwọn bolẹ̀ tán, wọ́n á tún máa fọn fèrè, wọ́n á máa jó, àfi bí ẹni ń ṣe ìgbéyàwó. Nígbà tó yá, kò pè wá mọ́. Fúnkẹ́ á ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó tòun ti kóòtù lọ́rùn, á máa wo fóònù. Ọ̀gá ilé ìwé ti sọ pé bí sáà bá parí báyìí, àwọn á tú ẹgbẹ́ náà ká. Bí wọ́n bá tú u ká, ọmọ wa ń bọ̀ nílé, ìwé ò parí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ wá síbí. Ẹ mọ àṣà wa: ẹni tí kò sí nítòsí, aṣọ rẹ̀ la máa ń gbé wá síwájú pẹpẹ. Mo wọ yàrá ọmọ náà, mo rí jẹ́sì aláwọ̀ ewé kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbé e wá. Ẹ tan àbẹ́là yí i ká, ẹ wọ́n omi àdúrà sí i, ẹ gbààwẹ̀. Láìwọ bàtà la dúró lórí ilẹ̀ tútù yìí, orúnkún mi ń dún. Wọ́n ṣì ń pàdánù.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ló pè lórí fídíò, bí ìsìn ṣe parí. Mo gbé jẹ́sì náà sókè, kó lè rí i pé a ò gbàgbé òun. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Grandpa, níbo lo ti rí ìyẹn? Tiwa kọ́. Ti ilé ìwé mìíràn tá a máa ń bá díje ni. Ọ̀rẹ́ mi tó wà níbẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí mi kí n tó kúrò nílé."

Mo bi í báwo ni àwọn aláwọ̀ ewé yẹn ṣe ń ṣe sí lọ́dún yìí. Ó ní ẹnikẹ́ni ò tíì borí wọn.

Wòlíì wa yọ fìlà, ó nu iwájú orí. Ó ní, "Bàbá, àdúrà wa ń ṣiṣẹ́ o. Àdírẹ́sì la ṣì kọ."

Mo lọ gbé àpò ìrọ̀rí ọmọ náà wá, èyí tí itọ́ rẹ̀ ṣì wà lára. Fúnkẹ́ ní, "Dádì, ẹ jẹ́ á sinmi. Bó bá ń bọ̀, kó máa bọ̀." Mi ò ní agbára àtibá a jiyàn.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn dé. Àwọn aláwọ̀ ewé yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ bá pàdé. Ibẹ̀ ni mo ti sín. Wọ́n ṣubú, Dámilọ́lá gbé bọ́ọ̀lù, ó sá, ó sá, wọ́n borí! Ẹ yin Olúwa!

Ẹ jókòó. Iwájú pẹpẹ nìyí, mi ò gbọdọ̀ parọ́. Mi ò sín, wọn ò sì borí. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un. Àwọn aláwọ̀ ewé na àwọn ọmọ wa bí wọ́n ṣe ń nà wọ́n látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí eré parí, àwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀ láyé àtijọ́, olórí ewú bíi tèmi, sọ̀kalẹ̀ wá sórí pápá, wọ́n dúró ti àwọn ọmọ náà, wọ́n ní àwọn ò lọ. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé jáde, ìyá arúgbó kan sọ fún un pé, "A ti ń pàdánù kí wọ́n tó bí ọ, ẹnikẹ́ni ò tú wa ká." Ọ̀gá náà ní ó dáa, ẹgbẹ́ náà á wà.

Dámilọ́lá fi ẹkún pè wá. "Grandpa, wọn ò tú wa ká." Fúnkẹ́ bọ́ kóòtù, ó sùn.

Mo dúpẹ́. Mo tún ọpẹ́ dá. Ìwọ tó o ti ń pàdánù bọ̀, tó ti rẹ̀ ọ́, má kúrò lórí pápá. Ẹni tó máa dúró tì ọ́ ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ìyẹn ni kò jẹ́ kó tètè dé.