Wọ́n Ti Ń Retí Kúnlé Lọ́hùn-ún

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ ṣé tí ẹ fún mi láyè. Kí n tó sọ ìran tí mo rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe, torí ìran náà kò ní yé yín bí mi ò bá sọ ọ́. Ojú ń tì mí. Bí ẹ bá rí i pé ilẹ̀ ni mò ń wò, ẹ má bínú.

Gbogbo yín lẹ mọ Bùrọ́dà Kúnlé tó ń tẹ dùùrù fún wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀ ni pé tó bá kúrò níbí, á lọ ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa fi ẹ̀rọ ṣe orin. Kì í ṣe irú èyí tí rédíò máa ń gbé sáfẹ́fẹ́ o. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ìlù ẹ̀rọ ni, ohùn ẹ̀rọ ni, ìgbà mìíràn á dà bíi jẹnẹrétọ̀ tó fẹ́ kọrin. Àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ kò pọ̀. A máa ń pàdé nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ti pa tì, àwọn yòókù wa sì wà káàkiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tèmi láàárín wọn ni ìpolówó. Bí àwo orin tuntun bá fẹ́ jáde, èmi ni mo ń kọ̀wé sí àwọn tó ń gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀, nílé àti lókè òkun, pé kí wọ́n wá gbọ́.

Àwo méjì ni Kúnlé ti ṣe tẹ́lẹ̀. Mo polówó méjèèjì títí ó fi sú mi, kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹta wá, tí mo gbọ́ ọ, inú bí mi. Orin náà dára ju ti gbogbo wọn lọ, mo sì mọ̀ pé àwọn tí mò ń kọ̀wé sí tún máa dákẹ́ ni. Àmọ́ mo mọ irú ìtàn tí àwọn èèyàn wa fẹ́ràn: kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rí nínú àpótí ẹni tó ti kú. Ni mo bá kọ ọ́ pé Adékúnlé, ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí nígbà ayé rẹ̀, ti jáde láyé, pé inú àpótí rẹ̀ la ti rí àwọn orin yìí, àti pé ọjọ́ Ẹtì ni àwo náà ń jáde. Mi ò sọ fún un. Mo ní tí wọ́n bá gbọ́ orin náà tán, màá ṣàlàyé, a ó jọ fi rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé ni mo fi ránṣẹ́, mo sì fi orin kan nínú àwo náà tì í. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti tàn káàkiri. Àwọn tí kò dá mi lóhùn rí ń kọ̀wé pé omi ń bọ́ lójú àwọn. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ní Ọjọ́rú, mo gbààwẹ̀ bí a ti máa ń ṣe. Mo gbàdúrà ọ̀sán tán, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, oorun sì gbé mi lọ. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Ìyá àgbà kan ni, ó wọ aṣọ funfun, kò wọ bàtà. Ó ní, "Gbénró, dìde. Wọ́n ní kí o wá wò." Mo bi í pé, "Màmá, kí ni kí n wá wò?" Ó ti ń lọ, mo sì tẹ̀ lé e.

Ibi tí a kọ́kọ́ dé gbóná débi pé èémí ń jó mi nímú. Mo rí àwọn òpùrọ́, ẹyín iná wà lórí ahọ́n wọn, wọn kò lè tu ú, wọn kò lè gbé e mì. Mo rí àwọn panṣágà tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ilé ara wọn, ilẹ̀kùn náà pọ́n yòò, àtẹ́lẹwọ́ wọn ń bó, wọn kò sì lè ṣíwọ́. Mo rí àwọn tó ń ni èèyàn lára láyé, àwọn tí wọ́n ni lára ni wọ́n gbé kọ́rùn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ sọ wọ́n kalẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni mo rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn tó ń polówó orin. Ariwo kan ń wọ etí wọn láìdánu dúró, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Ìyá náà ní, "Àwọn tó yin ohun tí wọn kò gbọ́ nìyẹn."

Mo ní, "Màmá, ṣé ìpolówó wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Ó ní, "Rárá. Irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀." Ó wò mí lójú nígbà tó ń sọ ọ́.

A gba ọ̀nà tóóró kan, ìgbóná náà rọlẹ̀, atẹ́gùn tútù fẹ́ sí mi lára. Àwọn olóòótọ́ jókòó létí omi, ara tù wọ́n, kò sẹ́ni tó ń kánjú níbẹ̀. Màmá Rákéèlì wà láàárín wọn, Màmá Rákéèlì inú ẹgbẹ́ akọrin wa, tí a sin lẹ́yìn ìkórè èṣí. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti san. Aṣọ funfun tuntun kan wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń rán etí rẹ̀.

Wọ́n ní, "Gbénró, ṣé o pàdé Kúnlé lọ́nà? Wọ́n ní ó ń bọ̀. Láti ìjẹta la ti ń retí rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ nìyí."

Mo ní, "Màmá, ta ló sọ fún yín?"

Wọ́n ní, "Ẹkún àwọn èèyàn ni a gbọ́ láti ayé. Àbí kò rí bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìyá tó ń mú mi kiri di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Wá wo ibi tó wà."

Ẹ̀yin ará, sàréè ni, Kúnlé sì dúró nínú rẹ̀ láàyè, ó ń mí, iyẹ̀pẹ̀ ti dé àyà rẹ̀, àwọn èèyàn tò lọ títí ojú mi kò tó ìparí wọn, oníkálùkù ń sunkún, oníkálùkù bu iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹni yìí á dà á lé e lórí á kọjá, ẹni tó tẹ̀ lé e á tún dà á, mo sáré síwájú, mo la ẹnu kí n sọ pé ẹ dúró, kò tíì kú, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo kọ ní ọjọ́ Ajé ló ń jáde lẹ́nu mi, pé ó ti jáde láyé, pé inú àpótí rẹ̀ la ti rí i, bí mo ṣe ń pariwo sí i bẹ́ẹ̀ ni èrò ń pọ̀ sí i, iyẹ̀pẹ̀ sì dé ọrùn rẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé kò jà. Ṣe ló tẹrí ba fún wọn.

Ìyá náà ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, wọn á ti bò ó tán."

Mo ta jí. Òòrùn ṣì wà lókè. Mi ò wá bàtà, mo sáré dé ilé Kúnlé lẹ́sẹ̀ lásán. Fèrèsé rẹ̀ wà ní pípadé. Mo kànkùn títí ó fi ṣí i. Ó ti rù, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Mo ti rí i, Bùrọ́dà Gbénró. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé."

Mo ní, "Kúnlé, kí ló dé tí o kò pè mí kí o bú mi?"

Ó na fóònù sí mi. "Ẹ wo ohun tí wọ́n ń kọ. Ẹnì kan ní òun gbọ́ orin kan tí ẹ fi ti ìwé náà, òun kò lè sùn. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Tí mo bá jáde, wọ́n á mọ̀ pé mo wà láàyè, wọn ò sì ní fẹ́ orin náà mọ́. Mo wá ní kí n kúkú dákẹ́."

Ọjọ́ méjì ni kò fi jáde, kò sì jẹun. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo ju ú lọ, mo sunkún.

Ojú ẹsẹ̀ la jọ kọ lẹ́tà mìíràn, pé èmi Gbénró ni mo purọ́, Adékúnlé wà láàyè. Èébú ni wọ́n fi dá wa lóhùn. Wọ́n ní olè ni wá. Àwọn tó sunkún lánàá ní àwọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ wa mọ́. Àwo náà jáde ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó sọ ohunkóhun nípa orin inú rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀wé pé, "Inú mi dùn pé o kò kú." Kúnlé kà á, ó tún un kà, ó ní ebi ń pa òun.

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi pa èèyàn láyé ń dé ọ̀hún, wọ́n sì ń fi í ṣètò láti gba ẹni náà. Àmọ́ kì í ṣe irọ́ tèmi nìkan ló kó Kúnlé sínú ihò yẹn. Ó ti pẹ́ tó ti ń tẹ dùùrù fún wa níbí. Ta ló dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí nínú wa? Èmi náà kò ṣe é. Òun ló jókòó yẹn, ó wà láàyè. Ẹ má ṣe lọ sílé láìkí i.