Ẹni Tó Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kan Òkúta Orí Òkè

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò gbà pé ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọnú bọ́ọ̀sì ní Peckham, fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun òkè oníyìnyín nígbà òtútù? Mo gùn ún o. Mo dé téńté orí rẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, orí mi ṣì ń wú.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ohun tí mo ṣe lórí òkè náà ni mo wá jẹ́wọ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti gbé e mì, kò sì dà nínú mi.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé wọ́n ní kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi, Múfútàù, wá bá àwọn ọmọ ilé-kéú mọ́ṣáláṣí wa sọ̀rọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, lórí bí ọ̀rẹ́ ṣe ń ṣòótọ́ sí ọ̀rẹ́. Ìtàn òkè yẹn ni Múfú fẹ́ sọ fún wọn. Yóò ní àwa méjèèjì la jọ débẹ̀, pé ẹnì kan ò ṣáájú ẹnì kejì. Lẹ́yìn náà yóò yíjú sí mi, yóò ní, "Gàní, àbí irọ́ ni mo pa?" Gbogbo ọmọ yóò sì máa wo ẹnu mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Múfú jẹ́. Agbo ilé kan náà ní Ìwó ni wọ́n bí wa sí, lóru ọjọ́ kan náà, nínú yàrá méjì tó kọjú síra. Ìyá àgbà kan ṣoṣo tó gbẹ̀bí wa ń sáré láti ọ̀dọ̀ ìyá mi sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, kò sì rántí ẹni tó kọ́kọ́ ké títí ó fi kú. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ láàárín àwa Yorùbá. Ta ni ẹ̀gbọ́n? Ta ni yóò gbé ẹrù ta ni? Láti kékeré la ti ń jà á. Bí a bá ń ti odò bọ̀, oníkálùkù á gbé garawa tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ara rẹ̀ di àbúrò. Ní London níbí náà, bí a bá lọ ra iṣu ní Brixton, mo ń gbé tèmi, ó ń gbé tirẹ̀, kódà nígbà tí ẹ̀yìn ń pa mí kú lọ.

"Àbúrò mi kékeré," ni Múfú máa ń pè mí.

Èmi náà á ní, "Panu mọ́, ọmọ àná."

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Múfú. Kánsù ni èmi ń bá ṣiṣẹ́. Dókítà ló ní kí Múfú máa rìn dáadáa, ni ó bá ní òkè ló kàn. Sìdí, ìyàwó mi, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró de lífítì nítorí àjà kejì?" A lọ bẹ́ẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé wa lọ sí Wales, Múfú yanu sọ̀rọ̀. Ó ní, "Gàní, jẹ́ ká parí ìjà yìí. Bí a bá dé orí òkè, a ó jọ fọwọ́ kan òkúta tó ga jù níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò." Mo ní ó dáa. A bọ ọwọ́ lé e.

Òkè náà kì í ṣe eré. Yìnyín bo bàtà wa. Níbì kan, ọ̀nà tán pátápátá, ó ku àpáta tó dúró gángan bí ògiri. A ní láti máa fọwọ́ wá ibi tí a ó dì mú, kí a máa fẹsẹ̀ wá ibi tí a ó tẹ̀. Múfú ti gòkè. Èmi há sí àárín méjì. Mo bojú wo ìsàlẹ̀, mi ò lè gòkè, mi ò sì lè padà.

Múfú dojú bolẹ̀ lórí àpáta, ó na ọwọ́ sí mi. "Má wo ìsàlẹ̀. Ojú mi ni kó o máa wò. Mo mọ̀ pé kò wuyì, ṣáà máa wò ó."

Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rù sì lọ.

"Ẹsẹ̀ òsì. Sókè díẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀. Ó yá, máa bọ̀." Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sì fà mí sókè.

Nígbà tí a kúrò lórí àpáta, a rí òkúta tí wọ́n kó jọ sí góńgó òkè. Kò jìnnà mọ́. Kíá ni ìkùukùu bò ó. Àkókò ìrun ọ̀sán ti tó, a sì kírun lẹ́yìn àpáta kan tó gba atẹ́gùn dúró fún wa. Múfú ló ṣe lèmọ́mù. Nígbà tí a sálámà tán, ó gbọ́wọ́ sókè, ó dijú. Àdúà Múfú máa ń gùn ju ọ̀nà Ìwó sí Ìbàdàn lọ.

Mo dìde. Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ na ẹsẹ̀ ni. Bí mo ṣe ń yọ́ lọ, mo gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀. Ó ń bá mi tọrọ ẹ̀mí gígùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Mo gbọ́ ọ, mi ò sì padà.

Mo fọwọ́ kan òkúta náà. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Èmi ni ẹ̀gbọ́n." Kí n má tún purọ́ kún irọ́, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fò.

Nígbà tí mo padà, Múfú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọwọ́ pa ojú ni. A mú ọ̀nà pọ̀n. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí mo ti ṣe. Ojú ẹsẹ̀ mi wà nínú yìnyín, àlọ àti àbọ̀, ó hàn kedere. Mo sáré bọ́ síwájú, mo ń wọ́ ẹsẹ̀ lé e lórí.

"Kí ló dé tó ò ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lókùn?"

"Òtútù ni."

Ó wo ilẹ̀ níwájú mi, ó sì ń tẹ̀ lé mi bọ̀. A dé ìdí òkúta, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, a jọ fọwọ́ kàn án. Ó dì mọ́ mi, ó sunkún. Àwòrán wa níbẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ títí dòní. Kò sí àlejò tí kì í gbọ́ ìtàn náà. Èmi á máa jẹ ẹran, màá máa mi orí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n dìde láàárín àwọn ọmọ yẹn kí n sọ òótọ́ ni, àbí kí n pe Múfú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n bẹ̀ ẹ́ kí Sátidé tó dé? Ẹ má ní kí n dákẹ́, mo ti dákẹ́ tó. Mo ń fi òkè yẹn yangàn, ẹ ò lè gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ń fi Múfú yangàn jù ú lọ, nítorí pé ó mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn wá ló ti mọ̀, òun ló sì ń bá mi bo àṣírí.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó mọ̀? Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nílé tí a wọ̀ sí, gbogbo ara mi ti le, mi ò lè tẹ̀ ba láti wọ bàtà. Múfú wọlé. Kò pè mí ní àbúrò. Ó kúnlẹ̀, ó wọ bàtà fún mi, ó so okùn rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ó dìde, ó gbé àpò tirẹ̀ kọ́ èjìká kan, ó sì gbé tèmi kọ́ èkejì. Kò ṣe é rí, kò sì tún ṣe é mọ́.

Mo ní, "Fi sílẹ̀ jàre, mo lè gbé e."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé e, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo wá ẹ̀rín lójú rẹ̀, mi ò rí i. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sínú yìnyín pẹ̀lú ẹrù àwa méjèèjì. Mo tẹ̀ lé e lọ́wọ́ òfo títí a fi dé ìdí ọkọ̀.